Kọ̀ǹpútà Tó Ti Àbúrò Mi Mọ́ Ìta

Bí ẹ bá wà ní àdúgbò wa, tí ẹ gbọ́ ìró òjò nígbà tí oòrùn ń ràn gangan, ẹ má wulẹ̀ sáré lọ ká aṣọ. Àbúrò mi obìnrin ló ń tẹ̀wé. Ọwọ́-Òjò ni tọmọdé tàgbà ń pè é, débi pé bí àlejò bá fi orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ béèrè rẹ̀, àwọn ará ilé kejì á kọ́kọ́ wo ara wọn lójú ná. Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé tí èmi àti òun àti ìyá wa ń gbé, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín àga tí mo ti ń gẹrun àti tábìlì tó ti ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ti pa ẹ̀rọ mi báyìí, tirẹ̀ ni mò ń gbọ́.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣe láyé, ìyẹn ni pé kó máa tẹ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sórí ìwé. Nílé ẹ̀kọ́ táìpù tó lọ nígbà tó wà lọ́mọge, obìnrin tó ń kọ́ wọn, aláṣejù ni. Aṣọ ló máa ń dà bo ọwọ́ wọn kí wọ́n má baà wo bọ́tìnnì, á wá máa rojọ́ sí wọn létí láìsinmi: ẹjọ́ ọkọ rẹ̀, ẹjọ́ onílé rẹ̀, ẹjọ́ ẹ̀yìn tó ń ro ó. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀. Ẹni tó bá dúró ronú, rúlà á dún lọ́mọ ìka rẹ̀. Àbúrò mi ní ibẹ̀ lòun ti gbọ́n, pé ohun tí etí bá gbọ́, ọwọ́ ni kó gbà á, orí ò gbọdọ̀ dá sí i. Nígbà tó wá dé ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò, tí ọ̀gá rẹ̀ á máa rìn lọ rìn bọ̀ nínú yàrá, tí á máa sọ lẹ́tà jáde lẹ́nu bí ẹni tó ń bá aya rẹ̀ jà, ibẹ̀ bá a lára mu rẹ́gí. Ó lè tẹ ìwé ẹjọ́ láti òkè délẹ̀, kí ẹ bi í pé kí ló wà níbẹ̀, kó ní, "Ṣé mo mọ̀ ni? Ọwọ́ mi ni kẹ́ ẹ bi."

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn agbẹjọ́rò náà ní kó máa gbé kọ̀ǹpútà tó ń lò lọ sílé. Èmi ni mo gbé e wọlé, ẹ̀yìn sì ro mí fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Àgbà kọ̀ǹpútà ni. Bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ bí arúgbó tó ń dìde lórí àga. Àṣírí onírúurú èèyàn ló ti gba inú rẹ̀ kọjá, torí náà wọ́n ti tì í gbọin-gbọin láti ibi iṣẹ́. Ẹni tí kò bá ní páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ kò lè rí ohunkóhun níbẹ̀, bí onítọ̀hún tiẹ̀ tú u palẹ̀. Àbúrò mi ló mọ páásíwọ́ọ̀dù náà. Tàbí kí n kúkú sọ pé ohun tí gbogbo wa rò nìyẹn.

Orí kọ̀ǹpútà yìí ló ti kọ ìtàn ìgbésí ayé Màmá. Alágbàfọ̀ ni Màmá nílé ìwòsàn kan kí wọ́n tó darúgbó. Aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn ni wọ́n fi gbogbo ìgbà èwe wọn fọ̀, tí wọ́n sì lọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Màmá á jókòó sórí àga tìmùtìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àbúrò mi á jókòó sídìí tábìlì, ẹnu á máa lọ, ọwọ́ á máa tẹ̀ lé e. Mo máa ń gbọ́ wọn láti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà mìíràn, Màmá á sọ nǹkan kan nípa Bàbá wa tó ti dolóògbé, àwọn méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín, oníbàárà tó wà lábẹ́ abẹ mi náà á máa bá wọn rẹ́rìn-ín tí kò mọ ohun tó ń rín. Màá ní kó jọ̀ọ́, kó má mirí, kí n má baà gé etí rẹ̀ mọ́ irun.

Nígbà tó yá, ìgbàgbé wọlé tọ Màmá wá. Kò fi agbára wọlé, díẹ̀díẹ̀ ni. Ìtàn tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ á já sáàárín, wọ́n á wá máa wo àbúrò mi bí ẹni pé òun ló jí ìyókù gbé. Àbúrò mi ò lè fara da a. Àkókò yẹn ni ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní òkèèrè fi kọ̀ǹpútà kékeré kan ránṣẹ́ sí i, irú èyí tí wọ́n ń gbé lé itan. Ló bá fi aṣọ bo àgbà kọ̀ǹpútà, ó tì í sábẹ́ tábìlì, kò sì yọjú sí i mọ́. Ó ní òun á kó ìtàn náà jáde lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yin náà mọ ọjọ́ kan yẹn, kò sí nínú kàlẹ́ńdà ẹnikẹ́ni.

Ohun tó dá wa padà sídìí rẹ̀ ni àwòrán Bàbá. Ara ògiri tó kọjú sí àga Màmá ló wà. Bàbá wọ kóòtù, wọ́n sì ń ṣe bí ẹni tí ayàwòrán ní kó má rẹ́rìn-ín, tí ẹ̀rín sì fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan ṣáá, Màmá na ìka sí i.

"Ta lọkùnrin yìí?"

"Bàbá wa ni, Màmá," mo ní. "Ọkọ yín ni."

"Irọ́ lò ń pa. Mi ò mọ̀ ọ́n. Kí ló ń wò lára mi látàárọ̀?"

Ọ̀nà kan ò wọjà. Mo bura. Àbúrò mi gbé àwòrán ìgbéyàwó wọn jáde, Màmá ní ìyàwó yẹn rẹwà o, àmọ́ àwọn ò mọ òun náà. Nígbà tó ṣe, ẹ̀rù ọkùnrin ara ògiri náà bẹ̀rẹ̀ sí í bà wọ́n. Wọn ò ní jẹun lójú rẹ̀. Wọ́n á ní ká lé àjèjì náà jáde nílé àwọn. Kí la fẹ́ ṣe? Mo yí àwòrán náà dojú kọ ògiri. Ó dùn mí wọra. Bàbá tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé náà wá di ẹni tó ń kọjú sí ògiri bí ọmọ iléèwé tó ṣẹ tíṣà.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu tiwa ni Màmá ò gbà, Bọ̀dá," àbúrò mi sọ fún mi. "Ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn ńkọ́? Bí wọ́n ṣe pàdé Bàbá, bí Bàbá ṣe máa ń ṣe, gbogbo ẹ̀ ni mo tẹ̀, bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gẹ́lẹ́. Tí mo bá kà á sí wọn létí, wọ́n á mọ̀ pé àwọn làwọn sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká gbé kọ̀ǹpútà yẹn jáde."

A gbé e jáde, a nu eruku ara rẹ̀, a so ó mọ́ iná. Ó mí kanlẹ̀, ó tàn, ó sì béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Àbúrò mi jókòó dáadáa, ó na ìka, ó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì, ọwọ́ náà sì dúró síbẹ̀. Ó wò ó. Ó tẹ nǹkan kan, kọ̀ǹpútà ní kì í ṣe òun nìyẹn. Ó tẹ òmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

"Kí ni páásíwọ́ọ̀dù náà gan-an?" mo bi í.

"Mi ò mọ̀."

"Báwo lo ò ṣe mọ̀ ọ́n? Ojoojúmọ́ ayé lo kúkú ń tẹ̀ ẹ́!"

"Torí pé mò ń tẹ̀ ẹ́ ni mi ò ṣe mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà ní kí n fún òun ní tuntun, ọ̀gá ń sọ lẹ́tà lọ́wọ́, mi ò ráyè ronú. Ọwọ́ mi tẹ nǹkan kan, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Mi ò fìgbà kan bi í pé kí ni." Ó wá fi kún un pé, "Wọ́n máa ń yìn mí fún un ní ọ́fíìsì. Wọ́n ní kò sí ẹni tó lè tàn mí gbà á lẹ́nu mi."

"Wọn ò kúkú purọ́. Ìwọ alára ò rí i gbà lẹ́nu ara rẹ."

Ó wò mí, mo sì rọra padà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ti rí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù, mo ti rí ẹni tó gbàgbé ibi tó fi í sí. Ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn lójoojúmọ́ tí kò mọ bí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣe rí, orí àbúrò mi ni mo ti kọ́kọ́ rí i.

A ránṣẹ́ pe ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìparí òpópónà wa. Dókítà là ń pè é, torí pé kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kankan kó má kọ́kọ́ gbé etí lé e. Ó gbé etí lé tiwa, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ojú rẹ̀ sì fà ro.

"Màmá," ó sọ fún àbúrò mi, "àwọn tó ti nǹkan yìí pa ò ṣeré rárá. Ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ ló kù tó máa gbà kẹ́ ẹ ṣì í tẹ̀. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, á pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́ fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, mo lè nù ún mọ́ kó dà bíi tuntun."

"Ìtàn tó wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Á bá a lọ ni, Màmá."

Àbúrò mi fi àáké kọ́rí. Dókítà ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a má fi agbára ṣe é, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó ní kí àbúrò mi lọ sùn, kó jẹun, kí ibi gbogbo wá dákẹ́ rọ́rọ́, ó ní ọwọ́ rẹ̀ á rántí.

Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo gba iṣẹ́ ìdákẹ́jẹ́ ṣe, mo sì ṣe é bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ìjọba. Mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mo lé ọkùnrin kan tí mo ti gẹ ìdajì orí rẹ̀ lọ, mo ní kó padà wá fún ìdajì kejì. Mo bẹ ajórin tó wà ní iwájú ilé wa pé kó bá mi fi irin rẹ̀ sílẹ̀ ná. Mo tilẹ̀ yọ bátìrì aago ara ògiri, kó má baà máa dún kó-kó-kó sí wa létí. Mo bẹ Màmá náà pé kí wọ́n bá wa dákẹ́ díẹ̀, wọ́n sì fi ìka sẹ́nu bí ọmọdé. Èmi àti Dókítà dúró sẹ́yìn àbúrò mi, a sé èémí.

Ó tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe òun.

Ó sinmi, ó fi ọwọ́ méjèèjì ra ara wọn, ó tún un tẹ̀. Kì í ṣe òun.

"Màmá," Dókítà sọ wúyẹ́wúyẹ́ sí àbúrò mi létí, òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀, "ẹ̀kan péré ló kù o."

Àbúrò mi gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, "Fi í sílẹ̀ jàre. Tó bá ṣì wà nínú ẹ̀, tá ò tiẹ̀ rí i, ó sàn ju kó pa rẹ́ lọ."

"Kò sàn, Bọ̀dá. Tí mo bá fi í sílẹ̀, a ti pàdánù ẹ̀ náà nìyẹn. Màmá ò ní dúró dè wá."

Ó tún gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì. Ilé dákẹ́ débi pé mo gbọ́ bí Dókítà ṣe gbé itọ́ mì. Àfi bí Màmá ṣe yọ ìka kúrò lẹ́nu.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dákẹ́."

"Mi ò dákẹ́. Ilé tó bá dákẹ́ báyìí, nǹkan ti bàjẹ́ níbẹ̀. Nígbà tá a wà níbi ìfọṣọ, tí ariwo bá ti lọ sílẹ̀ báyìí, a ti mọ̀ pé ẹnì kan ti fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ ilé ìwòsàn nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá wọlé bá wa, tá a dákẹ́ lọ gbári, tí èéfín ń rú..."

Mo ti ń lọ bá wọn, Dókítà ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ṣùgbọ́n àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí a ti gbé kọ̀ǹpútà yẹn jáde, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dẹtí sí wọn bó ṣe máa ń ṣe nígbà kan.

"Ẹn-ẹ́n, Màmá? Ta ló jó o?"

"Ta ni ì bá tún jó o bí kì í bá ṣe èmi!"

Mo sì gbọ́ òjò. Kò pẹ́ rárá, ó kàn ṣú, ó rọ̀, ó dá. Mi ò wo ojú kọ̀ǹpútà, ojú Dókítà ni mò ń wò, ẹnu rẹ̀ sì ti là sílẹ̀ gbàgà. Kọ̀ǹpútà mí kanlẹ̀, ó ṣí. Àbúrò mi ò tiẹ̀ mọ̀. Màmá ló ṣì ń wò, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì, ó ń retí ibi tí ọ̀rọ̀ aṣọ jíjó máa já sí.

"Ó ti ṣí!" mo pariwo, àfi bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́.

"Màmá, kí lẹ tẹ̀?" Dókítà bi àbúrò mi.

"Ṣé mo tẹ nǹkan ni?"

A rẹ́rìn-ín títí ajórin fi wá yọjú lójú fèrèsé pé ṣé òun ti lè padà sẹ́nu iṣẹ́ òun. Màmá náà rẹ́rìn-ín jù wá lọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí ara wa balẹ̀ ni mo tó rò ó síwá sẹ́yìn. Láti ìgbà èwe àbúrò mi, kò tíì tẹ̀wé níbi tó dákẹ́ rí. Tíṣà rẹ̀ ń rojọ́, ọ̀gá rẹ̀ ń pariwo, Màmá ń sọ̀rọ̀. Àwa wá fi ìdákẹ́jẹ́ dì í lọ́wọ́, a ní kó rántí. Ẹni tó ń rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹ bá dá a dúró tí ẹ bi í pé ẹsẹ̀ wo ló kọ́kọ́ gbé, ẹ ti gbé e ṣubú nìyẹn. Dókítà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà títí tó fi kó gbogbo ohun inú rẹ̀ sínú ti kékeré. Ó yọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ kúrò pátápátá, ó ní ọkàn òun ò gba irú ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ, àbúrò mi fa àga sún mọ́ ti Màmá, ó gbé kọ̀ǹpútà kékeré lé itan. Mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo wá jókòó. Mo mọ̀ pé bí Màmá bá ní irọ́ lèyí náà, kò sí ọ̀nà mìíràn lọ́wọ́ wa mọ́. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á:

"'Aláìsàn kan wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, ẹsẹ̀ ẹ̀ kán. Láràárọ̀ tí mo bá lọ kó aṣọ ibùsùn, tàwọn tó kù á wà ní wúruwùru, tiẹ̀ á ti wà ní kíká, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á bára mu. Mo ní, ọ̀gá, ta ló rán yín níṣẹ́? Aṣọ tó ń lọ sínú omi lẹ̀ ń ká. Ó ní òun mọ̀, ó ní ọ̀nà mìíràn tóun lè gbà kí mi lòun ò rí.'"

"Ó ká a?" Màmá béèrè.

"Ó ká a, Màmá."

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kán?"

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kán."

Màmá ń mirí. "Ọkùnrin yẹn ò gbádùn," wọ́n ní, ẹ̀rín sì ti gba ojú wọn.

Àbúrò mi ń kà á lọ. Ó ka bí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ṣe jiná tó sì ń purọ́ pé ó ṣì ń ro òun, kí wọ́n má baà ní kó máa lọ sílé. Ó ka bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe lé e. Ó dé ibi tó ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ibi ìfọṣọ nínú oòrùn, tó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan láti bi alágbàfọ̀ náà, tí alágbàfọ̀ ní kó jẹ́ kóun gbé omi kalẹ̀ ná. Àbúrò mi sì gbójú sókè.

"Kà á síwájú," Màmá ní.

"Ó parí síbẹ̀, Màmá."

Èmi náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn ti já mọ́ Màmá lẹ́nu nígbà náà, ọjọ́ yẹn ni àbúrò mi fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà. Màmá di apá àga wọn mú, ojú wọn ti yí padà.

"Obìnrin yẹn ńkọ́? Ṣé ó gbà fún un?"

Àbúrò mi wò mí, mo wò ó. Mi ò ní purọ́, omi ti dé ojú mi.

"Ó gbà, Màmá," ó ní. "Àwa ọmọ wọn rèé."

Màmá wo èmi, wọ́n wo òun, wọ́n sì fẹ̀yìn ti àga, bí ẹni tí ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

"Ọpẹ́ o. Ọkàn mi ò balẹ̀ nítorí ẹ̀. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, èèyàn kì í jẹ́ kó lọ." Wọ́n wò yíká yàrá. "Òun wá dà?"

"Òun lẹ rí lára ògiri yẹn, Màmá."

Màmá wo ẹ̀yìn àwòrán náà, wọ́n sì yíjú sí mi, wọ́n bínú gidi.

"Kí ló ṣe fún yín tẹ́ ẹ fi ń fìyà jẹ ẹ́? Yí i padà kíákíá, kóun náà lè máa gbọ́."

Mo dìde, mo yí Bàbá padà sọ́dọ̀ wa. Màmá wò wọ́n títí. Nígbà tó yá, wọ́n fọwọ́ tọ́ àbúrò mi lórúnkún, wọ́n ní kó tún un kà láti ibi ẹsẹ̀ tó kán.